Ẹ̀rí Tí A Yára Jẹ́

Ẹ̀yin tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ má sunkún ná. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Èmi náà sunkún lọ́jọ́ tèmi. Mo sunkún débi pé obìnrin kan tó jókòó tì mí, tí kò mọ̀ mí rí, fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú fún mi. Àmọ́ ẹ wò mí, mo wà láàyè. Ikọ́ yẹn ò pa mí. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni ayọ̀ tí a kánjú yọ̀, ìyẹn gan-an ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ìyá Ìbùkún ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yìn Dópẹ̀mú là ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀: èmi, ọkọ mi, Ìbùkún tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àti Démiládé àbúrò rẹ̀ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé gidi nígbà náà. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ọgbà. Èmi ń di bísíkíìtì sínú páálí ní fákítọ̀rì kan ní Ìkẹjà. Ọmọ ìjọ ni wá, a kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ tó ń jókòó sí ẹ̀yìn. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń fi èrò jókòó, èmi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo tètè máa ń bínú, mo sì tètè máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ óò rí i bí ẹ bá ṣe ń gbọ́ mi lọ.

Ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Inú oṣù kìíní ni wọ́n sọ ọkọ mi di òṣìṣẹ́ gidi, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tó ti fi ṣe kásúà. Ìbùkún gbégbá orókè nínú ìmọ̀ ìṣirò. Iná jó ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wa, kò kàn wá. Wàhálà ilé náà ò ṣàìsí: òrùlé ń jò sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́, lánlọ́ọ̀dù ní ká ṣì máa pọn omi ládùúgbò. Ìyẹn ò le. A ti ń gbé pẹ̀lú irú ẹ̀ tipẹ́. Ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu nígbà ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni a ò kà sí.

Ikọ́ gbígbẹ ni lákọ̀ọ́kọ́, hẹ́n, hẹ́n, bí ẹni pé nǹkan há mi lọ́nà ọ̀fun. Mo ní fúláwà ni. Gbogbo àwa tá à ń ṣiṣẹ́ nínú fákítọ̀rì yẹn la máa ń wúkọ́, tí ọwọ́ ọjọ́ bá fi máa rọlẹ̀, irun ojú wa á ti funfun bíi ti arúgbó. Mo ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì, mo mu ìgò kan tán, mo ra òmíràn. Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa mójú tó Démiládé, po oyin mọ́ atalẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n máa fi orógbó sí i. Mo jẹ orógbó títí ẹnu mi fi bó. Ikọ́ ò lọ. Ó wá ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà, kò ní sí ìrọ̀lẹ́ tí ara mi ò ní gbóná, tí mo bá sì jí láàárọ̀, aṣọ tí mo wọ̀ sùn á ti rin gbindin fún òógùn.

Mo rù. Ìró mi wá ń yí mi po lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Ìbùkún, ẹ bun àwa náà jẹ nínú àṣírí yìí o, ẹ ti di ọmọge!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ti ń bà mí nínú lọ́hùn-ún. Nílé, a kì í ṣí fèrèsé, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ń tu èéfín sínú yàrá wa gan-an. Gbogbo wa là ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, Démiládé a sì máa sùn lé mi láyà. N ò mọ̀ pé ìyẹn lè ṣe nǹkan kan fún un.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi ló gbé mi dé ilé ìwòsàn o. Súpáfáísọ̀ wa ló gbọ́ ikọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bọ́ ẹ́púrọ́ọ̀nù, kí n má padà wá àfi tí dókítà bá ti rí mi. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó bá mọ ìlà níbẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ dé ní ìdájí, ẹ bá èèyàn tó ti tò síbẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun ìdájí. Ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó jókòó tì yín á sún díẹ̀. Ẹ tún wúkọ́, á tún sún. Nígbà tó yá, èmi nìkan ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba èèyàn mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó irú wa jẹ́ àgbà obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alhájà. Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan, wọ́n ní kí n lọ síta níbi tí atẹ́gùn wà. "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ o, mọ́mì, kì í ṣe itọ́. Ẹ hú u látinú àyà yín. Ẹ má tijú, kò sẹ́ni tó ń wò yín." Mo hú u. Nígbà tí èsì dé, wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ikọ́ ife ni. Ó gbóògùn, oògùn ẹ̀ ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Oṣù mẹ́fà lẹ máa lò ó, ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ara yín máa yá kí àìsàn yẹn tó kú. Tí ara bá ti yá, ẹ má sọ pé ó ti tán o. Ẹ sì kó àwọn ọmọ wá ká yẹ̀ wọ́n wò, pàápàá èyí tó kéré."

Mo délé, mo sọ ọ́. Màmá fò sókè. "Ikọ́ ife kẹ̀? Nínú ilé ọmọ tèmi? Ta lo sọ fún lẹ́nu ọ̀nà?" Wọ́n ní kì í ṣe ojú lásán, wọ́n ní àwọn kan ò fẹ́ kí ọmọ àwọn jẹ ayọ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ̀ ni. Nígbà tí mo mẹ́nu ba kíkó àwọn ọmọ lọ, wọ́n gbá Démiládé mọ́ra. "Èyí tó ń fò káàkiri yìí? Má fọwọ́ ara ẹ gbé àìsàn wọ ọmọ mi lára." Ọkọ mi ní ká ṣe sùúrù lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ó mú mi lọ bá pásítọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá ni pásítọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n gbọ́wọ́ lé páálí oògùn náà, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n ní, "Ẹ máa lò ó lórúkọ Jésù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọjọ́ kìíní tí mo tọ̀, mo pariwo, torí ó pọ́n bíi sóbò. Alhájà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mo ti gbàgbé. Oúnjẹ ń rùn sí mi, inú ń rú mi. Àmọ́ kò pẹ́ rárá tí ibà ìrọ̀lẹ́ yẹn fi dáwọ́ dúró. Ikọ́ dín kù, ó dín kù, ó lọ. Mo jẹ ẹ̀bà, mo tún bu sí i. Mo padà síbi iṣẹ́. Àṣé ìdùnnú yẹn ni wàhálà wa.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a máa ń ṣe ìdúpẹ́ àárín ọdún. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á jó lọ síwájú, olórí ilé á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á sọ ohun tí Olúwa ṣe. Ohun tí èèyàn bá ti jẹ́rìí rẹ̀ níbẹ̀, ó ti parí nìyẹn, a kì í tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá jẹ́rìí pé òun ti ríṣẹ́, kò gbọdọ̀ tún jáde nígbà tí wọ́n bá pe àwọn tó ń wáṣẹ́. Tó bá jáde, wọ́n á ní ó sọ Ọlọ́run di òpùrọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ náà, a jó dé iwájú. Ọkọ mi sọ ti iṣẹ́, ìjọ pariwo. Ó sọ ti iná, wọ́n tún pariwo. Mo rò pé ó ti tán. Ó wá fà mí síwájú. "Ẹ̀yin ará, ìyàwó mi yìí, dókítà sọ pé ikọ́ ife ló ń ṣe é. Ẹ wò ó! Ẹ gbọ́ ikọ́? Ẹ ò gbọ́ ikọ́! Olúwa ti wò ó sàn pátápátá!" Háà, ṣọ́ọ̀ṣì gbiná. Wọ́n ń jó, wọ́n ń dì mọ́ mi. Màmá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, wọ́n ń yí gbirigbiri. Èmi dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ Alhájà ń dún létí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bu omi, mo kó oògùn sọ́wọ́. Ọkọ mi ń wò mí.

"O ṣì ń lo nǹkan yẹn?"

"Alhájà ní oṣù mẹ́fà, kò tíì ju oṣù méjì lọ."

"Lẹ́yìn ohun tí mo sọ lánàá? Níwájú pẹpẹ? Ìyá Ìbùkún, o fẹ́ kí n di ẹlẹ́nu méjì?"

Màmá ti ìta dá sí i pé oògùn wà fún ẹni tó ń ṣàìsàn. N ò jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, oògùn yẹn ti sú èmi náà, ara mi sì yá. Mo dà á padà sínú páálí, mo gbé e sẹ́yìn àpótí. Nígbà tí Alhájà pè mí lórí fóònù, ọkọ mi ló gbé e. Ó ní a ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ikọ́ yẹn padà dé nígbà tí òjò ìkẹyìn ń rọ̀. Kò gbẹ mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ò lè mọ irú ẹ̀rù tó bà mí. Kì í ṣe ikú nìkan ló ń bà mí lẹ́rù, ìtìjú ni. Báwo ni màá ṣe wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ọkọ mi ti sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́ ikọ́ mọ́? Tó bá ti ń bọ̀, màá rọra yọ kúrò láàárín akọrin, màá lọ sẹ́yìn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ariwo rẹ̀ ni mo fi ń bo ikọ́ mi. Màá di ògiri mú, màá wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú mi, màá nu ẹnu, màá padà wá kọrin ohùn òkè. Nílé, màá ṣí rédíò sókè kí n tó wọ balùwẹ̀. Ọkọ mi ń gbọ́. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́. Òun náà á yí rédíò sókè sí i.

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ yẹn, mo gbé áńkáṣífù kúrò lẹ́nu, mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo ká a, mo tì í sínú búrẹ́sía, mo padà lọ kọrin. Ẹ gbọ́, mo padà lọ kọrin! Bí ìtìjú ṣe lágbára tó nìyẹn.

Ohun tó là mí lójú nìyí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń yọ ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, Démiládé ń fi ìdérí ìgò ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wúkọ́. Hẹ́n, hẹ́n. Mo gbójú sókè. Ó tún wú u. Ikọ́ tèmi gan-an ni, ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná. Mo bi Màmá pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n ní ó ti ṣe díẹ̀, àwọn ti ń fún un ní oyin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà fún ọmọ. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ká kọ́kọ́ lọ rí pásítọ̀. Mo sọ fún un, gbogbo ilé sì gbọ́: "Ẹ̀rí yẹn, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹ. Èmi ni mò ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu mi, ẹ wò ó! Ọmọ mi ò ní kú nítorí pé ojú ń ti bàbá ẹ̀. Ẹ yà fún mi." Mo ju áńkáṣífù yẹn sílẹ̀ níwájú ẹ̀. N ò bá ọkọ mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Ó wo ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó yà. A ò tíì dé títì tó fi sáré bá wa, ó gba Démiládé lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́rùn.

Alhájà rí wa, wọ́n bọ́ díńgí ojú wọn. "Ṣé ẹ ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé?" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ǹtì níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gba ọmọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí wa. Wọ́n ní tí èèyàn bá dá oògùn yìí dúró lágbedeméjì, àìsàn náà lè di alágídí, kó má gbọ́ràn sí oògùn ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú míì ni, ó gùn, ó sì le. Wọ́n ní àwọn á tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi yẹ̀ wò ká tó mọ̀.

Ìdúró de èsì yẹn ni mo fi ń sọ pé mo ti rí ojú ikú. Mo jókòó sílé, n ò fẹ́ kí Ìbùkún sún mọ́ mi. Mo ń wo Démiládé tó ń sùn, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ ẹnì kan ló máa mú, kó mú mi. Màmá ò sọ̀rọ̀ orógbó mọ́. Wọ́n kàn ń fọ aṣọ, kódà èyí tó mọ́. Ọkọ mi lọ bá pásítọ̀, ó padà dé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Pásítọ̀ ti bi í léèrè pé, "Ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró? Ṣé mo lè gbàdúrà sí oògùn kí n tún ní kẹ́ ẹ gbé e jù? Bùrọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

Èsì dé. Oògùn náà ṣì ń bá mi ṣe. Ikọ́ náà ti wọ Démiládé lára lóòótọ́, àmọ́ a tètè gbé e dé, wọ́n ní yóò yá. Wọ́n yẹ Ìbùkún náà wò, kò ní nǹkan kan. Alhájà ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo." Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ló ń fún wa lóògùn. Láàárọ̀, kó tó wọ kaki iṣẹ́ rẹ̀, á po ti ọmọ, á gbé tèmi lé mi lọ́wọ́, á dúró títí màá fi gbé e mì. Ó tiẹ̀ máa ń ní kí n yanu. Ìgbà míì mo máa ń fẹ́ gbá a létí.

Ìdúpẹ́ òpin ọdún dé. Mo ní ká má jó lọ síwájú, ká kàn jókòó. Ó ní rárá. A dé iwájú, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ará, mo jẹ́rìí kan níbí láàárín ọdún. Mo yára jẹ́ ẹ. Ìyàwó mi ò tíì sàn nígbà yẹn, èmi ni mo sì jẹ́ kó dá oògùn dúró nítorí ẹnu tí mo ti fi sọ ọ́. Ó padà ṣàìsàn. Ọmọ mi kó o. Wọ́n ṣì ń lo oògùn lónìí, wọ́n á sì lò ó tán. Wọn ò tíì sàn, ara wọn ń yá ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún oògùn náà." Kò sẹ́ni tó pariwo. Kò sẹ́ni tó jó. A rìn padà sí àga wa nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó jìn bíi láti Dópẹ̀mú sí Maryland. Ojú tì mí fún un, mo sì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ju ọjọ́ tó fẹ́ mi lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tẹ dùrù fún wa tọ̀ mí wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Súẹ́tà ló wọ̀ nínú ooru ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, ó ń fi apá rẹ̀ bo ikọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni Alhájà tí ẹ ń lọ bá yẹn wà?" Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ, mo sì bá a tò sórí ìlà.

Mo ti lo tèmi tán, Démiládé náà ti lo tiẹ̀ tán. Wọ́n yẹ̀ wá wò, kò sí nǹkan kan mọ́. Ìró mi ò yí mi po lẹ́ẹ̀mejì mọ́ o, mo tiẹ̀ ti fẹ́ máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Tí mo bá sáré, mo ṣì máa ń mí gúlegúle ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Alhájà ní bí ẹ̀dọ̀fóró mi ṣe máa rí nìyẹn, kí n gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà kankan gbá wọn mọ́ra pa mọ́. Ẹ sì lo oògùn yín dé òpin.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́rìí jáde, mo rí onídùrù wa tó dìde kúrò nídìí dùrù, tó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó ti sanra, kò wúkọ́ mọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Oṣù mẹ́ta péré ló tíì lo oògùn nínú mẹ́fà. Mo dìde láàárín akọrin, mo fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn níwájú gbogbo ìjọ, mo ní, "Jókòó." Ó wo ojú mi, ó jókòó.